Òórùn Láìsí Oòrùn

Ní Tromsø, bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ,
oòrùn á palẹ̀ mọ́, á ní ó tún di oṣù kìn-ín-ní.
A kì í bá a jà. A ó tan iná.
Àmọ́ lóru ọjọ́ Jímọ̀ tí mo gbé Odd-Arne
níbi àsè ìparí ọdún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi,
mo wá oòrùn bí ẹni ń wá ọmọ.

Ó kí mi dáadáa. Ó ní, "Gunnvor, rọra wà á."
A ò tíì dé àárín afárá
nígbà tí ẹja, ọ̀dùnkún àti ọtí
tí wọ́n ti ń bára wọn ṣàríyànjiyàn nínú rẹ̀
jáde wá sọ tẹnu wọn:
sórí ìjókòó, sínú ihò bẹ́líìtì,
sínú àpò ẹ̀yìn àga tí mo ń kó máàpù sí.
"Má bínú," ló ń wí, ó fọwọ́ bo ẹnu,
"má bínú," bí ọmọ iléèwé.
Mi ò gbà ju owó ọkọ̀ lọ.
Ẹni tó jẹun ló ń bì;
ẹni tí kò débi àwo ló ń nù ún.

Òtútù ibí náà ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.
Mo tẹ́ ẹní ẹsẹ̀ sórí yìnyín, mo lọ mu kọfí.
Nígbà tí mo padà, ó ti gan bí pákó.
Mo ká a, ó ké pàù,
gbogbo rẹ̀ jábọ́ bí ìpẹ́ ẹja.
Ṣùgbọ́n ta ní máa gbé àga ọkọ̀ síta?

Mo fi síbí ha èyí tó ṣeé ha.
Mo fi tówẹ̀ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́, mi ò fi ra á:
ẹni tó ń ra àbàwọ́n, ilé ló ń bá a fẹ̀.
Omi tútù kọ́kọ́, torí gbígbóná á sè é mọ́ aṣọ.
Lẹ́yìn náà ọṣẹ, fínígà tí mo fomi là,
mo wá bu páúdà sódà lé e,
ó hó ṣẹ̀ẹ̀, ó dákẹ́.
Ilẹ̀ kò mọ́. Aago lásán ló ní ó ti di àárọ̀.
Ragnvi ọmọ mi fẹ́ lọ́fínńdà sí i,
ó wá dà bíi pé inú oko òdòdó ni Odd-Arne ti lọ bì.

Ohun tí a bá fọ̀, sísá ló kù.
Ibo ni n ó sá a sí?
Oòrùn kò sí. Òórùn ló wà.
Àmì orí lẹ́tà lásán ló yà wọ́n sọ́tọ̀:
ọ̀kan kò tíì fẹ́ dé, ọ̀kan kò fẹ́ lọ.

Mo ń ṣí fèrèsé wakọ̀ nínú òtútù.
Èrò á jókòó, á fa imú, á bojú wòta.
Ìyá àgbà kan tó ń lọ sí ọsibítù
béèrè pé ṣé ajá ni mò ń sìn.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní, kí lorúkọ rẹ̀?
Mo ní, Odd-Arne.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù kìn-ín-ní
oòrùn yọjú láàárín òkè méjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀.
Àwọn ọmọdé hó yèè,
gbogbo ìlú ń jẹ búrẹ́dì dídùn oníjáàmù.
Èmi ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i.
Ìtànṣán kan wọlé, tín-ín-rín bí okùn ìwọ̀,
ó gba abẹ́ àga lọ, ó kan nǹkan tó ń dán.
Mo fi igi fà á.
Eyín ni. Eyín òkè, àtọwọ́dá, mẹ́fà lọ́wọ̀ọ́wọ́,
òórùn tí mo ń lé kiri jókòó sáàárín wọn,
ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tó fi fọwọ́ bo ẹnu.
Mo pè é. Ó pẹ́ kó tó fọhùn.
Ó ní òun ti gbà pé òkun ló gbé e,
pé òun ò rẹ́rìn-ín níwájú èèyàn láti Kérésì.
"Má bínú," ló tún wí.
Mo ní kò tọ́ bẹ́ẹ̀,
ó ti wà nínú fínígà.